Wàrà sóyà dípò ẹran fún àwọn ọmọ

Ìyá Ìbejì, Kábà: Ẹ kú ilé o. Ẹran ti wọ́n jù lọ́jà, mo wá ń fi wàrà sóyà, ìyẹn omi ẹ̀wà sóyà tí wọ́n mú kó dì, sínú ọbẹ̀ alẹ́. Àwọn ìbejì ń jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n wọn ń ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó ní kò léegun tóun máa fà. Ṣé ó tó wọn lóòótọ́?

Màmá Ìsánlú: Èròjà amúnidàgbà wà nínú ẹ̀ dáadáa. Omi tó wà nínú ẹ̀ náà lè jẹ́ kọ́mọ kọ̀ ọ́. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ gbé ọmọ ọlọ lé e títí táá fi le, kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ fi ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà pa á lára, kẹ́ ẹ dín in kó pọ́n. Omi ògì kíkan lèmi fi ń mú kí omi sóyà dì. Álọ́ọ̀mù táwọn kan ń lò dípò ẹ̀? Èmi ò lò ó rárá o.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀: Fítámì B12, èròjà tí ẹ̀jẹ̀ nílò, ò sí nínú sóyà o. Ẹ máa fi ẹyin tàbí ẹja kún un. Bára ọmọ bá sì ń yún un lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ẹ dá a dúró.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Màmá, ṣé omi ògì àná ṣe é lò?