Èsì lórí "jíìnì amárawú": ẹ jẹ́ ká pè é ní agbèjà-ara

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ dábàá pé kí a máa pe àwọn jíìnì tó so ìsanrajù pọ̀ mọ́ àrùn ọkàn ("inflammatory genes" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "jíìnì amárawú". Àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Iléṣà ní "jíìnì ìgbóná" ló tẹ́ òun lọ́rùn. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ti "ìgbóná" kò gùn. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹ sọ fún àgbàlagbà pé ìgbóná wà lára rẹ̀, Ṣànpọ̀nná ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn.

"Wíwú" ló gba àlàyé. Celsus ará Róòmù, tó kọ̀wé lórí ìṣègùn, ti ka àmì mẹ́rin ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "inflammation" sílẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn: ojú ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á gbóná, á sì máa ro. Ẹni tí eéwo bá ti mú rí mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n irú "inflammation" tí àwọn oníṣègùn ń sọ nípa ọ̀rá ikùn kì í sábà fi ìkankan nínú wọn hàn. Ó lè máa bá a lọ lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀. Èyí tó tún wá burú ni pé ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bíi ní OAUTHC, ilé ìwòsàn yunifásítì níbí, ẹsẹ̀ wíwú jẹ́ àmì tí dókítà ń wò lára ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti tú ẹ̀jẹ̀ ká. Omi ló kó sẹ́sẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀. Bí a bá tún ní jíìnì kan wà tó ń mú ara wú, aláìsàn á lọ́ méjèèjì pọ̀. Ẹlòmíràn á sì ní ikùn òun tó yọ síwájú gan-an ni wíwú náà.

Iṣẹ́ àwọn jíìnì náà ni ká wò. Jíìnì ni àkọsílẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe pròtéènì. (Mo mọ̀ pé ó ń dún bí àlùjọ̀nnú létí àwọn àgbà, ṣùgbọ́n "ajogúnbá" ti kó ilé àti oko mọ́ra.) TNF àti IL-6 wà lára pròtéènì tí ara fi ń pe àwọn ọmọ ogun rẹ̀ (sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara) jọ nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé tàbí tí a bá fara pa. Gbogbo wa la ní jíìnì wọn, àti pẹ̀lẹ́ńgẹ́ àti ọ̀rọ̀bọ̀. Ní 1993 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé jíìnì TNF ń ṣiṣẹ́ kọjá ààlà nínú ọ̀rá eku tó sanra jù, láìsí kòkòrò, láìsí ọgbẹ́. Ọ̀rá tó yí ìfun ká burú ju ti abẹ́ awọ lọ. IL-6 tó bá ti ibẹ̀ jáde á mú kí ẹ̀dọ̀ máa da pròtéènì kan tó ń jẹ́ CRP sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni wọ́n sì ń wọ̀n nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun kan náà ló ń gbé ọ̀rá mì, tí wọ́n ń kú síbẹ̀, tí ọ̀nà fi ń há.

Ìdí tí mo fi ní "agbèjà-ara" nìyẹn. Wọ́n á ní kí ló dé tí mo fi orúkọ rere pe ohun tó ń ṣe ni níbi. Ọlọ́dẹ àdúgbò tó ń yìnbọn sí gbogbo òjìji, ọlọ́dẹ ṣì ni. Ẹ sì wo ìwádìí CANTOS tó jáde ní 2017. Àwọn tí iṣan ọkàn wọn ti dí lójijì rí ni wọ́n lò, wọ́n lé ní 10,000. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn canakinumab tó ń dá IL-1β, pròtéènì mìíràn tó ń pe ọmọ ogun ara jọ, lọ́wọ́ kọ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn òfìfo. Kọlẹ́sítérọ́ọ̀lù burúkú kò torí oògùn yìí dín kù, síbẹ̀ lára àwọn tó gba míligíráàmù 150, àtúnkọlù àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn tí kòkòrò àrùn pa pọ̀ sí i láàrin àwọn tó gba oògùn náà. "Amárawú" kò lè ṣàlàyé ikú yẹn. "Agbèjà" ṣàlàyé rẹ̀.

Irú ìgbèjà tí kì í sinmi ("chronic inflammation"), mo dábàá "ìgbèjà àìdẹwọ́" fún un. "Ìsanra" nìkan kò sì tó. Ní Ifẹ̀ àti ní Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí wọ́n bá kí pé "o mà sanra o" á dúpẹ́ ni, nítorí náà kí "jù" má ṣe kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "àìdẹwọ́" lọ, kó mú un wá. "Agbèjà" ni n kò ní jọ̀wọ́.