Ọkọ mi ní a ò lọ wo ìjàpá òkun ní Grand-Popo mọ́

Ìyá Dámi: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú mi ò dùn rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó pé bí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi Kérésì, a ó wa mọ́tò gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, ká gba ọ̀nà etí òkun láti Fidjrossè dé Ouidah, ká dúró díẹ̀ kí wọ́n ṣeré nínú iyanrìn, ká wá sun Grand-Popo, níbi tí ìjàpá òkun ti ń gòkè wá yé ẹyin lóru. Ọkọ mi ti gbà. Àfi lánàá tó dédé ní òun ò lọ mọ́, pé wàhálà ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń wa mọ́tò lọ sóde àríyá ní Ìbàdàn lóru! Mo ti ra bàtà, mo ti din ṣìnṣín. Ìyá rẹ̀ ní mo fẹ́ máa ṣe bí òyìnbó. Ṣé kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi máa kó àwọn ọmọ lọ?

Màmá Ìbejì: Arábìnrin mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Tèmi ní ká lọ wo ọ̀bọ ní Lekki Conservation Centre. A ti dé Jakande kó tó yí mọ́tò padà nítorí bọ́ọ̀lù. Máa lọ jàre.

Bàbá Káyọ̀dé: Ọkọ ní kó má lọ, ìwọ ní kó máa lọ. Ẹ̀yin lẹ ń tú ilé onílé ká.

Màmá Ìbejì: Bàbá, ta ló pè yín sí i?

Awakọ̀ Mile 2: Ẹ fìjà sílẹ̀. Mọ́tò ńkọ́, orúkọ ta ló wà? Ẹ gba Brown Card ti ECOWAS, torí insurance ilé wa nìkan ò tó lọ́hùn-ún. Ẹ gba laissez-passer, ìwé àṣẹ ìwọ̀lú fún mọ́tò, ní ibodè. Ẹ mú káàdì yẹ́lò tó ń fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ọ̀dọ̀ wa níbí ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ omi Grand-Popo o, ìgbì ibẹ̀ a máa wọ́ èèyàn lọ. Ní ti ìjàpá, Kérésì bọ́ sí àsìkò wọn. Ẹ ní kí àwọn ará abúlé tó ń ṣọ́ wọn mú yín lọ, ẹ má sì tan tọ́ọ̀ṣì. Tó bá rí iná bó ṣe ń gòkè, ó lè yí padà sínú òkun láìyé. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bu iyanrìn tútù bí ẹni fi ìgbákọ bu ẹ̀bà, ọ̀tún, òsì, títí ihò yóò fi jìn. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti wọ òkun. Ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀.

Ìyá Dámi: Ẹ ṣé, Ọmọ Àjàṣẹ́. Èmi ni mo ra mọ́tò, orúkọ mi ló wà. Mo ti gba Brown Card. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo bá wá.

Awakọ̀ Mile 2: Páṣípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ ńkọ́?

Ìyá Dámi: Ó wà lọ́wọ́ ìyá wọn ní London.

Awakọ̀ Mile 2: Ìyá wọn wo?

Ìyá Dámi: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ọwọ́ mi ni wọ́n dàgbà sí, mọ́mì ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbọ́, fídíò ìjàpá ni mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu. Ìyẹn lọkọ mi ń torí ẹ̀ pariwo pé òun ò ní kó ọmọ ọlọ́mọ kọjá ibodè.

Màmá Ìbejì: Háà! Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ lálẹ́ yìí.

Bàbá Káyọ̀dé: Ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ ti wá di èèyàn rere báyìí.

Awakọ̀ Mile 2: Àǹtí, wọ́n ń ṣọ́ àwọn tó ń kó ọmọ kọjá níbẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà ìyá àti bàbá wọn, kí wọ́n búra lé e ní kóòtù, kí wọ́n sì fi páṣípọ́ọ̀tù ránṣẹ́. Láìsí èyí, ẹ má gbéra.

Ìyá Dámi: Ẹni tó tọ́ ọmọ kì í jí i gbé. Ṣùgbọ́n mo ti ń pè é, kò tíì gbé e. Ọmọ Àjàṣẹ́, tó bá di oṣù kejì, ṣé a ṣì lè rí wọn?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Àwọn tó ń yé á ti dín kù nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹyin a máa tó bí oṣù méjì nínú iyanrìn kó tó pa, nítorí náà ẹ lè bá àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń sáré lọ sínú omi.