Ìkọ́kọrẹ́ gidi ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ júwe ibẹ̀ fún mi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ wá wo Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Èkó la ti ń bọ̀, Ṣágámù la ó sì gbà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, búkà wo la ti lè jẹ ìkọ́kọrẹ́ tó péye? Kì í ṣe èyí tó dán bí ẹ̀kọ o! Ewùrà tí wọ́n fọwọ́ rin ni mo ń wí, tó ní kókó nínú, tí ẹja gbígbẹ àti edé pọ̀ nínú rẹ̀, kí n fi ẹ̀bà gààrí Ìjẹ̀bú tì í.

Ibi tí àwọn awakọ̀ ń páàkì sí ni mo máa ń gbà gbọ́ ju ibi tó ní pátákó ńlá lọ. Àmọ́ ẹnì kan wà láàrin wa tí kì í jẹ ewùrà rárá, bọ́gà àti sáńwíìṣì ló mọ̀. Ṣé a lè rí ìyẹn nítòsí, àbí kí n ra búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná fún un ní Ṣágámù?

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ta ló ṣì ń ta ẹ̀bìrìpò, kókò rírin tí wọ́n pọ́n sínú ewé sè, láàárọ̀? Ṣé èrò kì í pọ̀ jù nínú àwọn búkà lọ́jọ́ Ojúde Ọba, àbí ká tètè jẹun ká tó lọ?