"Ìbò dúdú" kò lè dúró fún ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá yín pé kí àwa tí à ń túmọ̀ ìròyìn máa pe ìbò àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní "ìbò dúdú", torí ó kúrú, ó sì rọrùn lẹ́nu. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. "Dúdú" fúnra rẹ̀ ò burú. Ta la máa pè ní adúmáadán tí inú rẹ̀ ò ní dùn? Àmọ́ ìbò ò ní àwọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "ìbò dúdú" nínú ọkọ̀ Nyanya ní Àbújá níbí, màgòmágó ni ọkàn rẹ̀ máa lọ bá.

"Adúláwọ̀" témi náà ti ń lò tipẹ́ ní wàhálà tirẹ̀. Lóṣù kọkànlá 2024, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Kubwa nígbà tí rédíò sọ pé "àwọn adúláwọ̀ dìbò fún Kamala Harris", ẹni tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Bàbá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi eyín há, wọ́n wò mí: "Àwa wo ló dìbò níbẹ̀?" Wọ́n ò ṣì í gbọ́ o. Ilẹ̀ adúláwọ̀ la ti ń pe Áfíríkà láti kékeré wa. Bẹ́ẹ̀, tí aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà bá sọ̀ kalẹ̀ ní Wuse lónìí, òyìnbó làwọn ọmọ tó ń ta omi máa pè é, nítorí náà "òyìnbó" náà ò lè dá dúró fún aláwọ̀ funfun nínú ìròyìn ìbò.

Ohun tí mò ń kọ báyìí ni "àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú". Ó gùn, mo mọ̀. Àmọ́ mo fẹ́ kí "ọmọ Amẹ́ríkà" ṣáájú, torí ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú ni wọ́n fi ń dìbò, ojú wọn sì rí màbo kí wọ́n tó rí i lò. Àtúnṣe kẹẹ̀ẹ́dógún sí òfin ilẹ̀ náà ti fún àwọn ọkùnrin wọn láṣẹ ìbò ní 1870. Síbẹ̀, títí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò fi jáde ní 1965, owó orí àti ìdánwò ìwé kíkà ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù fi ń lé wọn padà.

Ohun tó tún ń dùn mí ni "àwọn" tí a máa ń fi gba gbogbo wọn pọ̀. Ìwé ìbò Amẹ́ríkà ò béèrè àwọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn olùwádìí ló ń bi àwọn olùdìbò léèrè, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ ṣírò. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "ìwádìí fi hàn pé ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá wọn tó dìbò fún Harris." Àwọn yòókù náà, èèyàn ni wọ́n, ìbò tiwọn náà sì wọlé.

Nílé níbí ńkọ́? Fọ́ọ̀mù EC8A tí INEC fi ń kọ èsì ibùdó ìdìbò ò ní àyè fún ẹ̀yà, síbẹ̀ a máa ń kéde "ìbò Yorùbá", "ìbò Gàmbàrí". Nínú ìbò ààrẹ 2023, Atiku ló ṣe ipò kìíní ní Ọ̀ṣun, Peter Obi ní Èkó. Ìbò Yorùbá dà níbẹ̀? Ẹni tó bá sì ń pe gbogbo Àríwá ní Gàmbàrí, kó bi Tiv léèrè ní Makurdi, kó bi Tápà léèrè ní Bida, kó bi Gbagyi tó ni ilẹ̀ Àbújá tí a ń gbé yìí. Kódà kó bi àwọn Òkun ní Kàbà: Yorùbá ni wọ́n, ará Àríwá ni wọ́n.

Ó ku Látínò, àwọn olùdìbò Amẹ́ríkà tí àwọn baba ńlá wọn wá láti Mẹ́síkò, Brazil àti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀; bí a ó ṣe máa pè wọ́n ò tíì yé mi tán. Ẹnìkan dábàá "ẹ̀yà Spéènì", àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ò mọ Spéènì rí, ará Brazil ò sì sọ èdè Spéènì. Aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn, funfun wà, àdàlù wà, nítorí náà "àwọ̀" ò bá a mu. "Ẹ̀yà" náà ń mú mi rántí Tiv àti Ìgbò jù. "Àwọn tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Látìn Amẹ́ríkà" ni mò ń kọ fún ìgbà yìí, ó sì ń gba èémí lẹ́nu ẹni tó ń ka ìròyìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, bóyá ẹ lè gé e kúrú fún wa.