Ẹ má jẹ́ ká pe báálì ní "ọkà ọtí"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá tí wọ́n mú wá pé lédè Yorùbá, ká máa pe báálì (barley), ọkà kan tó jọ àlìkámà, ní "ọkà ọtí" torí pé òun ni wọ́n fi ń pọn bíà, mo sì rí i tí ẹlòmíì fèsì pé rárá, "ṣaírì" ló yẹ, torí pé orúkọ rẹ̀ lédè Lárúbáwá nìyẹn, inú èdè yẹn náà sì ni ọ̀rọ̀ "àlìkámà" ti wá, tó gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi ò fara mọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn rárá. Èkejì níbi tó dáa sí, màá débẹ̀.

Orúkọ tá a bá fún nǹkan, gbogbo ibi tí nǹkan yẹn bá wà ló máa bá a dé, kò ní jókòó sílé ọtí nìkan. Ẹ ṣí Jòhánù orí kẹfà, níbi tí ọmọdékùnrin kan ti ní búrẹ́dì báálì márùn-ún àti ẹja kéékèèké méjì, ṣé a fẹ́ máa kà á sétí ìjọ pé búrẹ́dì ọkà ọtí ni Jésù fi bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin? Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn ààfáà. Hádíìsì tí Ibn Umar, ọ̀kan lára àwọn sàábé Ànábì, gbà wá lórí sàká ìtúnu ààwẹ̀ sọ pé òṣùwọ̀n sáà kan dàbínù tàbí sáà kan báálì ni kéèyàn yọ. Ààfáà wo ló máa dúró sórí mímbárì tí á ní kí jàmáà fi ọkà ọtí yọ sàká? Bẹ́ẹ̀ náà ni tálíbínà, ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun báálì ṣe, tí Aisha, aya Ànábì, máa ń ní kí wọ́n sè fún aláìsàn àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ ò wá ní fi "ọtí" sórúkọ nǹkan báyẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Tá a bá tiẹ̀ gbé ti ẹ̀sìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, orúkọ yẹn kì í ṣòótọ́. Ẹran ọ̀sìn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú báálì tí wọ́n ń gbìn láyé, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, adìyẹ, kí wọ́n tó yọ ti apọntí sọ́tọ̀. Àwọn ará Tibet ń yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi tíì tí wọ́n po bọ́tà mọ́ pò ó, tsampa ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ òòjọ́ wọn nìyẹn lórí òkè níbi tí òtútù ò ti jẹ́ kí ọkà míì ṣe dáadáa. Ní Ethiopia, gebs lorúkọ rẹ̀, wọ́n ń yan án jẹ bí ìpanu tí wọ́n ń pè ní kolo, wọ́n sì tún ń lọ̀ ọ́ ṣe besso. Àwọn ará Japan ń yan án, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á mu ún ní tútù tí oòrùn bá mú. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún táwọn èèyàn ti ń gbìn ín ní ìhà Jordan àti Iraq lọ́hùn-ún, nígbà tó sì yá, báálì ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ fún lébìrà ní Mesopotamia, ìyẹn ilẹ̀ Iraq àtijọ́. Ó ń fara da ọ̀dá àti ilẹ̀ oníyọ̀ ju àlìkámà lọ, ó sì ń tètè gbó, ìdí nìyẹn tí yìnyín inú Ẹ́kísódù orí kẹsàn-án fi ba báálì jẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rí àlìkámà ṣe, báálì ti yọ orí, àlìkámà ò tíì jáde.

Tó bá sì jẹ́ ọtí ilé wa là ń sọ, ẹ rántí pé lọ́dún 1988 ìjọba ológun Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì báálì (báálì tí wọ́n ti jẹ́ kó hù, tí wọ́n sì ti gbẹ, láti fi pọn bíà) wọlé, làwọn ilé iṣẹ́ apọntí bá kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Kò rọrùn fún wọn o, torí èèpo báálì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, èèpo yẹn ló ń ṣe asẹ́ fún wọn nínú ìkòkò, ọkà bàbà ò ní irú ẹ̀, sítáàṣì rẹ̀ tún ń fẹ́ ooru tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rọ̀, wọ́n wá ń ra ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, kún un. Síbẹ̀ bíà jáde. Kí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àtọtí bàbà sì tó mọ bíà inú ìgò, àgbàdo àti ọkà bàbà làwọn ìyá wa fi ń pọn wọ́n. Èwo gan-an wá ni ọkà ọtí nínú gbogbo wọn?

Ìbò tèmi, "ọkà báálì". Bíbélì àtijọ́ ti kọ ọ́ ní ọkà-barle, etí ìjọ ti mọ̀ ọ́n, ká kàn tún síbẹ́lì rẹ̀ ṣe kó bá ẹnu wa mu torí a kì í to r àti l tẹ̀ léra wọn báyẹn. Ọkà tó wà níwájú rẹ̀ á jẹ́ kó bá ọkà bàbà àti ọkà jéró ṣẹbí. Kí "ṣaírì" dúró fún àwọn tó ń kọ̀wé nípa Ìsìláàmù, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ilé kéwú, ohun tó dáa ni. Orúkọ tó hàn kedere tún wúlò fẹ́ni tí gílúténì, ìyẹn puròtéènì kan tó wà nínú àwọn ọkà kan, ń bá jà, torí gílúténì wà nínú báálì, ó sì gbọ́dọ̀ lè dá a mọ̀ lára ìgò.

Ibi tá a ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun gan-an ni mọ́ọ̀tì. Tó o bá sọ mọ́ọ̀tì fún ẹnikẹ́ni báyìí, ohun mímu dúdú inú ìgò ló máa lọ bá ẹ gbé wá, bẹ́ẹ̀ ọkà tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n jẹ́ kó hù díẹ̀ kí ẹ́ńsáìmù tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà lè jí nínú ẹ̀, tí wọ́n wá fooru gbẹ kó má bàa dàgbà kọjá bẹ́ẹ̀, òun ni mọ́ọ̀tì. Mo dábàá "àhùgbẹ": àhùgbẹ ọkà báálì, àhùgbẹ ọkà bàbà. Ẹnìkan lè ní "àhùsá" ló yẹ torí oòrùn làwọn tó ń ṣe bùrùkùtù ń sá a sí, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kì í sá a, iná ni wọ́n ń lò, "gbẹ" sì gba méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé àwọn ìyá tó ń pọn ọtí bàbà lórúkọ tí wọ́n ń pe ọkà tó ti hù yẹn kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sún mọ́ wọn, yálà ní Òkè-Ògùn ni o àbí apá Kwara, kó bá wa bi wọ́n. Tí wọ́n bá ti ní ọ̀rọ̀ fún un, ẹ jẹ́ ká mú tiwọn, ká fi tèmi sílẹ̀.