Wi-Fi pòórá lẹ́yìn tí Ubuntu gba kernel tuntun: ṣé káàdì ló kú ni?

ẹlẹ́rù_kékeré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ubuntu 22.04 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù yìí. Kernel tuntun (ọkàn Ubuntu, tó ń darí ẹ̀rọ) wọlé, mo pa láptọ́ọ̀pù, mo tún un tàn, Wi-Fi ò sí mọ́. Bọ́tìnì ẹ̀ gan-an ò sí ní Settings. Bí mo bá yan kernel àtijọ́ nínú GRUB (ojú ìwé tá a ti ń yan kernel bí ẹ̀rọ bá ń gbéra), ó ń ṣiṣẹ́. `lspci -nnk` fi káàdì náà hàn, `[14e4:4365]`, àmọ́ ìlà "Kernel driver in use" ò sí lábẹ́ ẹ̀. Ṣé kí n lọ ra káàdì míì?

baba_kernel
Ẹ má rà á. Kò séwu lóko, àfi gìrì àparò. Káàdì tó ń ṣiṣẹ́ lórí kernel àtijọ́ ò tíì kú.

Bí kernel bá ń gbéra, ó máa ń ka nọ́ńbà gbogbo ohun tó wà lórí PCI (ọ̀nà tí káàdì fi ń so mọ́ ẹ̀rọ). Nínú tiyín, 14e4 ni Broadcom, 4365 ni BCM43142. Udev (ètò tó ń ṣọ́ ohun tó bá so mọ́ ẹ̀rọ) á gbé nọ́ńbà yẹn, modprobe á wá a nínú fáìlì `modules.alias`, á rí module (abala kóòdù kan) tó gbọ́ èdè káàdì náà, á sì gbé e wọlé. Module yẹn là ń pè ní driver (kì í ṣe ti dánfó o).

Kernel kọ̀ọ̀kan ló ní fódà tiẹ̀ lábẹ́ `/lib/modules/`. Driver tí wọ́n kọ́ fún 5.15.0-91 ò wúlò fún 5.15.0-94: kernel á yẹ vermagic inú ẹ̀ (àmì kernel tí wọ́n kọ́ ọ fún) wò, á sì lé e padà. Àwọn driver tó bá kernel wá ò ní wàhálà yìí. Àmọ́ òde ni `wl`, driver káàdì yín, ti wá. DKMS ló ń tún un kọ́ ní gbogbo ìgbà tí kernel tuntun bá dé, kò sì lè kọ́ ọ láìsí headers kernel yẹn (àwọn fáìlì tí wọ́n fi ń kọ́ driver fún un).

Ẹ wọ kernel tuntun. Ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ tan USB tethering (kí fóònù fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì). Driver ìyẹn ti wà nínú kernel. Lẹ́yìn náà:

`sudo apt install linux-headers-$(uname -r)`
`sudo dkms autoinstall`
`dkms status`
`sudo modprobe wl`

"installed" lẹ́ ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kernel tuntun. Bó bá jẹ́ "added" nìkan, kò tíì kọ́ ọ. Kẹ́ ẹ tún fi `linux-headers-generic` sí i, kí headers lè máa bá kernel dé pọ̀ (`linux-headers-generic-hwe-22.04` bí kernel yín bá jẹ́ 6 sókè).

ẹlẹ́rù_kékeré
Ẹ ṣé, sà. Headers ò sí lóòótọ́. Ó ti di "installed", àmọ́ modprobe ní: "Key was rejected by service".

ìyá_terminal
Secure Boot nìyẹn, ààbò tí kì í gba kóòdù tí kò ní ìbuwọ́lù tó mọ̀. `mokutil --sb-state` á sọ fún yín pé ó wà ní títàn. Inú kernel gan-an ni driver ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ògiri láàárín wọn. Èyí tó bá ṣìṣe lè dá gbogbo ẹ̀rọ dúró. Ìdí nìyẹn tí kernel fi ń béèrè ìbuwọ́lù. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù ẹ̀rọ yín (MOK) hàn án:

`sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der`

Ẹ fún un ní password, kẹ́ ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Ojú ìwé búlúù kan á yọ: ẹ tètè tẹ bọ́tìnì kan, ẹ yan Enroll MOK, ẹ tẹ password yẹn. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kọjá, á bọ́ sínú Ubuntu lọ, ẹ ó sì tún import náà ṣe.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ pa Secure Boot. Mi ò fara mọ́ ọn, pàápàá bí Windows tó ní BitLocker (tó ń ti dísíìkì pa) bá wà níbẹ̀: ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè recovery key.

baba_kernel
Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí DKMS bá sọ "bad exit status" lọ́jọ́ kan, ẹ ka `make.log` lábẹ́ `/var/lib/dkms/bcmwl/`. Kóòdù `wl` ti pẹ́, kernel tuntun sì máa ń yí àwọn fọ́ńṣọ̀n tó ń pè padà. Ẹ dúró lórí kernel àtijọ́ títí `bcmwl-kernel-source` (àpò tó gbé `wl` wá) tuntun á fi jáde. Bó bá wá sú yín pátá, dongle Wi-Fi USB tó ní chip MT7612U nínú ni kẹ́ ẹ rà. Inú kernel ni driver tiẹ̀ wà, DKMS ò sí níbẹ̀.