Expo ni mo fún módẹ́ẹ̀lì mi láìmọ̀

Ìrírí tèmi nìyí. Ní 2022, mo kó iye owó ṣíà àwọn báǹkì àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lórí NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà, jọ, láti 2012 wá. Ohun tí mo ń bi kọ̀ǹpútà ni pé: tó bá di ogún ọjọ́ ọjà sí òní, ṣé ṣíà yìí á ti wọ́n ju báyìí lọ? Python, èdè kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ọ́. Random forest ni mo lò, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó lè sọ ohun tó ń bọ̀; ohun tó kọ́ yẹn là ń pè ní módẹ́ẹ̀lì.

Nínú ìdáhùn mẹ́wàá, ó gba mẹ́sàn-án. Mo jí ìyàwó mi lóru kó wá wò ó. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, tó bá rọrùn bí ẹ ṣe wí yìí, kí ló dé tí àwọn tó wà ní Customs Street, níbi tí ọjà ṣíà wà l'Ékòó, ò tíì ṣe é?"

Mi ò lè sùn mọ́. Mo wá rí i: train_test_split, irinṣẹ́ tí mo fi pín àwọn ọjọ́ sí ti ẹ̀kọ́ àti ti ìdánwò, ti po gbogbo ọjọ́ pọ̀ bí ìgbà téèyàn po káàdì. Ọjọ́ Ajé bọ́ sínú ẹ̀kọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e bọ́ sínú ìdánwò. Bẹ́ẹ̀, nínú ogún ọjọ́ tó wà níwájú àwọn méjèèjì, mọ́kàndínlógún ló jẹ́ ọjọ́ kan náà! Ìdáhùn ìdánwò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ẹ̀kọ́ tán: expo pátápátá. Mo tò ó padà bí ọjọ́ ṣe tẹ̀léra: ó kọ́ ẹ̀kọ́ dé 2019, mo fi 2020 síwájú dán an wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sàn ju kéèyàn ju owó ẹyọ sókè lọ.

Mo tún un ṣe, ó sàn díẹ̀, mo wá fowó sí i. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ní oṣù kẹfà 2023, CBN fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Àwọn báǹkì tó ní dọ́là lọ́wọ́ jèrè, àwọn ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè dọ́là fara gbá a gan-an. Iye owó ṣíà nìkan ni módẹ́ẹ̀lì mi mọ̀, kò mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Owó ilé-ìwé àwọn ìbejì fún sáà kan ló bá a lọ.

Ní báyìí, bí ìròyìn ìṣúná olóṣù mẹ́ta-mẹ́ta bá ti jáde, mo máa ń ṣí i, màá wá gbèsè dọ́là wọn, màá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Ilé iṣẹ́ 14 ni mo ti ṣe. Ẹni tó bá ń ṣe irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pín ìyókù ṣe.